Ibà tí kò lọ lẹ́yìn oògùn ibà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn alápatà Ìlọrin, àwọn oníṣòwò kára Ajàṣẹ́-Ìpo àti àwọn tó ń fún wàrà ní gáà: bí àyẹ̀wò bá fi kòkòrò ibà ẹ̀fọn hàn, ìyẹn kò ní kí àrùn mìíràn má wà níbẹ̀. Àgbàlagbà ilẹ̀ wa lè ru kòkòrò ibà ẹ̀fọn káàkiri láìṣàìsàn. Èsì àkọ́kọ́ yìí ni ìwádìí sábà máa ń dúró sí, ohun tó dá onítọ̀hún dùbúlẹ̀ á sì fara pamọ́.

Kòkòrò àrùn mẹ́ta tó ń fa ibà ni Brucella, Coxiella àti Rickettsia. Ẹnì kan lè kó Brucella nínú wàrà tí wọn kò sè, kó kó Coxiella lára olóbi màlúù tó fọwọ́ lásán gbà, kí eégbọn tún fún un ní Rickettsia. Eégbọn ńlá aláràbarà tí ẹ ń rí lára màlúù lásìkò òjò, ẹran mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn kó tó dàgbà tán. Lára irú rẹ̀ ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964, àrùn tó sún mọ́ wa ni.

Ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá tí eégbọn tó ní Rickettsia bá jẹni ni ibà, orí fífọ́ àti ọrùn ríro ń bẹ̀rẹ̀. Ojú ibi tó ti jẹni á dúdú bí ibi tí sìgá jó. Ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún àti abẹ́ itan. Ampiclox tí à ń rà ní kẹ́mísì kò ran Rickettsia, torí inú sẹ́ẹ̀lì ló ń gbé. Doxycycline ni dókítà ń kọ, 100mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún bí ọjọ́ méje. Àmọ́ bí Brucella bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ibi tó le nìyí: ara á fúyẹ́, oríkèé á dẹ̀, lẹ́yìn náà ibà á padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú oògùn kejì bíi rifampicin, ni Brucella ń gbà.

Ẹ sọ iṣẹ́ yín fún dókítà kó tó béèrè. Bí oògùn ibà bá pé ọjọ́ mẹ́ta tí ara ṣì gbóná, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tún gbà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ti àkọ́kọ́ nìkan lè sọ pé kò sí nǹkan kan, torí ara kò tíì gbógun dìde. Kí ìtọ́jú má dúró de èsì kejì. Kí wọ́n sì kọ Brucella sórí ìwé, kí òṣìṣẹ́ láàbù má baà kó o.

Bí eégbọn bá lẹ̀ mọ́ yín, ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má sì fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa: ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè ní fáírọ́ọ̀sì Congo, tó ń fa ibà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn lára. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú níbi tó ti wọ awọ, kí ẹ fà á sókè tààrà, kí ẹ fọṣẹ fọ ibẹ̀.

Wàrà tó hó dáadáa lórí iná kò ní Brucella mọ́. Nùnú, ìyẹn wàrà kíkan, tí wọn kò gbé kaná ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera ènìyàn àti ti ẹranko,
Ìlọrin