Gbèsè Ìyá Aláta

Ìbàdàn, Ọjọ́bọ̀

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Òtútù Manchester ń kọ́? Orúnkún màmá ti ń san, ìyàwó wa ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, obìnrin ni. Ìròyìn ayọ̀ ti tán nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn.

Web service ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a jọ kọ, ASMX yẹn, ètò Microsoft àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà akọ̀wé fi ń gba àkọsílẹ̀ gbèsè lọ́dọ̀ sáfà, wọ́n ṣì ń lò ó. Lọ́jọ́ Ajé, ìyá aláta kan wá bèèrè iye tó kù lọ́rùn rẹ̀. Ó yá 200,000 náírà, ó ti san 170,000. Ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà akọ̀wé ni 200,000. Àkànní, ìyá náà kò pariwo. Ó kàn jókòó, ó ń yọ rìsíìtì inú ọ̀rá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni mo fà á. Ó ti sú mi pé proxy, kóòdù tí kọ̀ǹpútà akọ̀wé fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀, kì í gbé method (àwọn ìlànà ìṣirò) wá, data lásán ló ń kó. Ni mo bá gbé class Eyawo gan-an, kóòdù tó ń ṣírò gbèsè, lọ sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé, mo yí Reference.cs, fáìlì proxy náà, kó máa lò ó. Kò sí error kankan, ohun tó tàn mí nìyẹn. Inú field private, àyè tí class fi pamọ́ fún ara rẹ̀ nìkan, la kó owó tí wọ́n ti san sí, XmlSerializer tó ń sọ data di XML kó lè rìn lórí ayélujára kì í sì í wo private. Public tó ṣeé kà tó sì ṣeé kọ nìkan ló ń gbé sínú XML. Owó tí wọ́n yá dé òdìkejì, èyí tí wọ́n san kò dé, class náà wá yọ òdo kúrò lára 200,000.

Ká ní o wà nítòsí ni, o ò bá ti gbá mi lọ́wọ́. Àárò rẹ ń sọ mí, kì í ṣe torí iṣẹ́ nìkan.

Mo ti kọ class kékeré mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ru ẹrù lọ: iye tí wọ́n yá, iye tí wọ́n san, iye tó kù, gbogbo rẹ̀ ní get àti set, constructor rẹ̀, ohun tó ń dá a sílẹ̀, kò gba nǹkan kan. Sáfà ló ń ṣírò báyìí. Class mìíràn tó jogún lára rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ láti kọjá, mo fi XmlInclude sí i, àmì tó ń jẹ́ kí XmlSerializer mọ̀ pé irú class bẹ́ẹ̀ wà, ó gbà.

Àmọ́ apá èlé ń bà mí lẹ́rù. Ìwọ lo kọ ọ́, n kò mọ ohun tó o fi pamọ́ síbẹ̀. Jọ̀ọ́, fún mi ní wákàtí kan lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ká jọ yẹ field kọ̀ọ̀kan wò. Lọ́jọ́ Ajé ni ìyá aláta ń padà bọ̀.

Èmi ni,
Ìṣọ̀lá