Owó òjijì ń ba físà àwọn òbí jẹ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi sọ fún àwọn òbí ní Èkìtì tó ń múra láti lọ bẹ ọmọ wọn wò ní Jámánì tàbí Faransé: owó tó ya wọ báǹkì lójijì ń ba físà Schengen ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó wọ orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù. Bí àkáǹtì tí kì í ní ju ₦40,000 lọ bá gba mílíọ̀nù 3 lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ kọ̀wé béèrè físà, ẹni tó ń yẹ ìwé wò á gbà pé ẹ yá a ni. Bó bá jẹ́ owó kòkó ni, ẹ so rìsíìtì ẹni tó rà á mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ọmọ ló fi ránṣẹ́, kó kọ lẹ́tà, kó fi ìwé owó oṣù rẹ̀ tì í.

Ẹ yẹ pásípọ́ọ̀tù náà wò. Kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 10 tí wọ́n ti fún yín, ó gbọ́dọ̀ ku oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò lọ́hùn-ún, kí ojú ewé òfìfo 2 sì wà nínú rẹ̀. Inṣọ́ránsì yín gbọ́dọ̀ tó €30,000 fún ìtọ́jú àìsàn.

Láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn àjò lẹ ti lè kọ̀wé. Ó pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15 kí ẹ gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà náà, torí Èkó tàbí Àbújá lẹ ti máa tẹ̀ka.

Ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 lẹ lè lò ní gbogbo orílẹ̀-èdè 29 náà pa pọ̀. Ẹni tó bá lo 60 ní Jámánì, 30 péré ló kù fún un ní Faransé. Físà yìí kò sì wọ Lọ́ńdọ̀nù o. Ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì dá dúró.

Òǹkàwé yín,
Adó-Èkìtì