Ẹ Yé Gé “Homework” Daft Punk Wẹ́wẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹnìkan kọ̀wé sí ojú ewé yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé orin ijó tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ṣe kì í pẹ́ kú, pé bí ọdún méjì bá ti gorí rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè rẹ̀ mọ́. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé náà fa àgbàdo tu pọ̀ mọ́ èpò. Àwo orin “Homework” tí Thomas Bangalter àti Guy-Manuel de Homem-Christo, àwọn ọmọ Paris méjì tí wọ́n ń jẹ́ Daft Punk, gbé jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1997 ti lé ní ọdún 25 báyìí. Àwọn méjèèjì fúnra wọn ti pín gaàrí ní oṣù Èrèlé 2021, àwo wọn ṣì ń mú ènìyàn dìde lórí ìjókòó.

Tó bá ń sú àwọn ènìyàn ní òde àríyá wa ní Òṣogbo, ẹ má di ẹ̀bi ru àwo náà. DJ ti gé e kó tó dé ibi tó ń lọ, fáìlì rẹ̀ ti bàjẹ́ látilẹ̀, wáyà sípíkà sì wà lódìkejì.

Orin 16 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú 70. Wọn kò gba sítúdíò ńlá kankan láti ṣe é. Yàrá Bangalter nílé ni wọ́n ti ṣe é, ibẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá: iṣẹ́ àṣetiléwá. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n lò kì í ṣe tuntun lásìkò yẹn. Roland TR-909 tó ń lu ìlù ti jáde láti 1983. TB-303, àpótí kékeré aláwọ̀ fàdákà, ti wà lọ́jà ṣáájú rẹ̀. Nítorí àwọn onígìtá ni wọ́n ṣe ṣe 303 ní Japan, kó lè máa bá wọn ta béèsì nígbà tí wọ́n bá ń dá orin kọ́. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti gìtá béèsì rárá, ọjà kò tà, wọ́n sì dá a dúró ní 1984. Ó di tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń rà lówó pọ́ọ́kú. Àwọn ọ̀dọ́ Chicago rà á, wọ́n sì ń yí àwọn nọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, ohùn náà wá ń lọ́, ó ń fẹ̀, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ẹgbẹ́ olórin Phuture fi gbé “Acid Tracks” jáde ní 1987. Nígbà tí Daft Punk gbé “Da Funk” jáde ní 1995, ohùn 303 yẹn kan náà ló gba ìdajì kejì orin náà mọ́ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ wo bí ọjà tí kò tà ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń wá.

Nínú àwo náà, orin “Around the World” ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù. Bí ẹ bá fi etí kà á, nǹkan márùn-ún ló gbé e dúró: ìlù, béèsì, gìtá, kíbọ́ọ̀dù, àti ohùn tó gba inú ẹ̀rọ kọjá, tó ń sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Fídíò tí Michel Gondry ṣe fún un fi èyí hàn kedere ju àlàyé ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ó pín àwọn oníjó sí ọ̀nà márùn-ún, ó sì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun èlò kan tí yóò máa jó tẹ̀lé. Àwọn tó múra bíi rọ́bọ́ọ̀tì ni ohùn. Àwọn géńdé eléré ìdárayá ni béèsì: bí béèsì bá gòkè, wọ́n á gun àtẹ̀gùn, bó bá rẹlẹ̀, wọ́n á sọ̀kalẹ̀. Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni kíbọ́ọ̀dù. Àwọn tí wọ́n ya eegun ara sí aṣọ wọn ni gìtá. Àwọn tí wọ́n fi aṣọ wé láti orí dé ẹsẹ̀ ni ìlù. (Ọmọ Òṣogbo tó bá kọ́kọ́ rí àwọn ìkẹyìn yìí, eégún ni yóò pè wọ́n, n kò sì ní bá a jiyàn.) Ẹ wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ ó rí ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, àti ẹni tí kò kúrò lójú kan.

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn àyàn Ẹrin-Ọ̀ṣun rí ti mọ ètò yìí kó tó gbọ́ orúkọ Daft Punk. Gúdúgúdú kì í ṣe fáàrí. Ohun kan náà ló ń tẹnu mọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ìyáàlù lè rí ilẹ̀ dúró sí sọ̀rọ̀. Bí gúdúgúdú bá fẹ́ máa dárà bíi ti ìyáàlù, ìlù ti dàrú nìyẹn. Ọgbọ́n tí Daft Punk dá ni pé wọ́n pààrọ̀ ipò: ohùn ènìyàn, tí ó yẹ kó máa sọ̀rọ̀, ni wọ́n fi ṣe gúdúgúdú. Ìgbà 144 ló sọ gbólóhùn rẹ̀ nínú orin náà tí kò fi kan kún un. Béèsì ni wọ́n wá fi ṣe ìyáàlù, òun ló ń rìn, òun ló ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹni tó bá ń dúró de ìtumọ̀ láti ẹnu ohùn yẹn ni yóò sọ pé orin náà ń tún ara rẹ̀ sọ. Béèsì ni kó tẹ̀lé.

Irú orin bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ àkókò. “Around the World” tó wà nínú àwo náà jẹ́ ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 9. DJ wa ń gbé e sí i, ó ń jẹ́ kó dún fún bíi ìṣẹ́jú kan, alága gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, DJ ti bọ́ sórí òmíràn. Kí ni àwọn ènìyàn gbọ́? Gbólóhùn kan ní àsọtúnsọ, láìsí ohun tó mú un wúlò. Kò sì yẹ kí orin gígùn jẹ́ àjèjì sí wa. Ní ayé rẹ́kọ́ọ̀dù, Ebenezer Obey àti Sunny Adé máa ń so orin mọ́ orin títí ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù fi tán, ìṣẹ́jú bíi 18 tàbí 20 láìdúró, àwọn òbí wa sì jó o pé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí ìdí ẹ̀rọ, nítorí ibẹ̀ ni ìṣòro pọ̀ sí.

Fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. “Around the World” tó pé, tí wọ́n tọ́jú sí MP3 onípele 320 (iye kílóbíìtì rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), yóò tó nǹkan bí MB 17. Bó bá jẹ́ MB 7 péré, 128 ni. MP3 128 sábà máa ń gé ohùn tó bá ti ga ju nǹkan bíi 16,000 Hz lọ (Hz ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga sí). Hi-hat 909, ìró bíi ti àwo irin tó yẹ kó mú bí abẹ tuntun, á wá máa ṣe ṣààṣàà bí omi tó ń ru. Àwọn kan ń mú 128 yẹn, wọ́n ń yí i padà sí 320, fáìlì náà á sanra, ohùn rẹ̀ kò ní yí padà. Ẹmu tí wọ́n ti bomi là, bí ẹ gbé e sínú kèrègbè ńlá, kò lè di ògidì. Ẹ ra á, tàbí kí ẹ dà á kọ láti orí síídì gan-an sí WAV tàbí FLAC.

Wáyà sípíkà ló tẹ̀lé e. Bí pupa àti dúdú bá ṣèèṣì pààrọ̀ ní ẹ̀yìn sípíkà kan, kọ́ọ̀nù ọ̀kan á máa tì síta nígbà tí èkejì ń fà sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tí ọ̀kan tì ni èkejì ń gbà padà, béèsì á sì pòórá láàárín pápá. Ohùn òkè ṣì ń dún, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi tètè fura. DJ á wá máa fi kún béèsì lórí mixer títí iná pupa á fi máa tàn. Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n rọrùn: ẹ gbé sípíkà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ fi béèsì “Around the World” sí i níwọ̀nba, ẹ pa ampù, ẹ pààrọ̀ wáyà ẹ̀yìn ọ̀kan, ẹ tún tàn án. Nínú ọ̀nà méjèèjì tí ẹ gbà so wáyà náà, èyí tí béèsì bá wúwo jù nínú rẹ̀ ló tọ̀nà. Ẹ sì gé ohun tó bá wà lábẹ́ 30 Hz kúrò. Sípíkà ínṣì 15 tí à ń lò kò lè gbé e jáde, agbára ampù ló kàn ń jẹ.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Kick, ìlù ńlá tó ń ró gbì-gbì nínú orin yìí, ń bọ́ nígbà 121 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹẹ̀kan náà ni gbogbo ampù sì ń fa iná nígbàkígbà tó bá bọ́. “I better pass my neighbour” kò tó kílówáàtì kan. Bí ẹ bá rí i tí gílóòbù ń ṣẹ́jú tẹ̀lé ìlù, iná ń lọ sílẹ̀ nìyẹn, ampù ń gé orí ohùn, ohùn tí wọ́n gé lórí bẹ́ẹ̀ ló sì ń jó tweeter, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde. Wọ́n á ní sípíkà ayédèrú ni. Ẹ dín ohùn kù, tàbí kí ẹ wá jẹnẹrétọ̀ tó tó.

Ohun kan wà tí kì í ṣe àléébù o. Ariwo tó ń ha tó wà nínú “Rollin’ & Scratchin’”, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Kí ẹ tó ní sípíkà ti ya, ẹ padà sórí “Around the World”. Bí ohùn ibẹ̀ bá mọ́, sípíkà yín kò ṣe nǹkan kan.

Fún àwọn tó ń pa orin pọ̀: kick “Da Funk” ń bọ́ ní nǹkan bí ìgbà 111 láàárín ìṣẹ́jú kan, ti “Around the World” ní ìgbà 121. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù bíi Technics SL-1200 MK2 kò lè yí ìyára orin kọjá ìdá 8. Ẹ má fi tipátipá so wọ́n. Daft Punk alára fi “Phœnix” àti “Fresh” sáàárín wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà ní ìlú yìí ń béèrè bí irú orin Paris yìí ṣe ń “mí”. Compressor ni, ohun èlò tó ń tẹ ohùn tó bá le jù mọ́lẹ̀. Wọ́n máa ń so ó mọ́ kick, tí kick bá ti bọ́, àwọn ohùn yòókù á wólẹ̀, wọ́n á sì tún dìde, bí ìgbà tí Àtàọ́ja bá ń kọjá lọ. Nínú FL Studio, ètò ìṣorin orí kọ̀ǹpútà, Fruity Limiter lè ṣe é. Ẹ fi ratio (bí yóò ṣe tẹ ohùn mọ́lẹ̀ tó) sí 4:1, attack (àkókò tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́) sí nǹkan bíi ms 2 (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá), release (àkókò tí ohùn fi ń dìde padà) sí bíi ms 200, kí ohùn lọ sílẹ̀ ní dB (ìwọ̀n ariwo) 4 sí 6. Ní 121, àárín kick kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi ms 496. Bí release bá gùn tó ìyẹn, ohùn kò ní tíì dìde tán kí kick mìíràn tó dé, gbogbo orin á kàn rẹlẹ̀ ṣáá. Bó bá kúrú sí ms 20, béèsì á máa gbọ̀n, á sì máa ha.

N kò sọ pé gbogbo orin 16 náà ló dọ́gba. “Rock’n Roll” gùn ju ohun tó ní í sọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ “Teachers”. Kò sí nǹkan méjì nínú rẹ̀ ju pé wọ́n ń dá orúkọ àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lára wọn: Paul Johnson, DJ Sneak, George Clinton, Lil Louis, Jeff Mills àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjúbà gan-an ni. Jeff Mills tí wọ́n júbà fún yìí ló sì bá Tony Allen, ọmọ Èkó tó lu ìlù fún Fẹlá, ṣe “Tomorrow Comes the Harvest” ní 2018. Kí ẹni tó ní orin ẹ̀rọ kò ní ìran lọ wo ibi tí okùn yẹn so mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Fóònù àti fíláàṣì máa ń to orin ní A, B, D. Bí ẹ bá da àwo yìí sórí wọn láìfi nọ́ńbà síwájú orúkọ, “Alive”, tó yẹ kó wà ní ipò 15, ni yóò ṣíwájú, “WDPK 83.7 FM”, tó yẹ kó jẹ́ ìkejì, ni yóò kẹ́yìn. “Funk Ad”, tí kò pé ìṣẹ́jú kan, tó jẹ́ “Da Funk” tí wọ́n yí sẹ́yìn láti fi ti ilẹ̀kùn, á wá bọ́ sáàárín “Fresh” àti “High Fidelity”, àwọn ènìyàn á sì rò pé fáìlì ló bàjẹ́. Ẹ kọ 01 sí 16 síwájú wọn, kí “Daftendirekt” jẹ́ 01.

Òǹkàwé yín,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.