Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn o

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa àwọn obìnrin tó bá kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà lọ sápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ bíi pé wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ títí wọ́n fi débẹ̀. Ta ló jókòó? Kẹ̀kẹ́ yẹn ò ní sípíríǹgì, ìyẹ̀fun àti ẹran oníyọ̀ ló kún inú ẹ̀, àwọn màlúù tó ń fà á sì gbọ́dọ̀ lókun dópin, torí náà ẹsẹ̀ lọ̀pọ̀ wọn fi rìn láti Missouri dé Oregon, bíi máìlì 2,000, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Létí odò Platte tó wà lójú ọ̀nà wọn, tí igi ò ti pọ̀, ìgbẹ́ ẹfọ̀n gbígbẹ ni wọ́n ń ṣà dáná. Oyún gan-an ò dá ìrìn dúró, Amelia Stewart Knight kúrò ní Iowa ní 1853 tòun toyún àtọmọ méje, ìgbà tí wọ́n dé Oregon ló bímọ sẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹni tẹ́ ẹ wá gbàgbé pátápátá ni Biddy Mason. Ẹrú ni, ní Mississippi. Ní 1848 ọ̀gá ẹ̀ tó ti di ọmọ ìjọ Mormon kó gbogbo ilé lọ Utah, Biddy ń rìn lẹ́yìn àwọn kẹ̀kẹ́, òun ló ń da ẹran, ó ń se oúnjẹ, ó tún ń gbẹ̀bí, ọmọbìnrin mẹ́ta wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí àbíkẹ́yìn ṣì ń mu ọmú, gbogbo eruku tí àwọn tó wà níwájú bá tú sókè, òun ló ń gbé e mì. Àwọn yòókù ń lọ wá ilẹ̀ (ilẹ̀ tó ti lóní-nǹkan tẹ́lẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì), òun ń lọ torí wọ́n ní kó máa bọ̀.

Ní 1851 wọ́n tún gbéra, ó di California, níbi tófin ti ní kò gbọdọ̀ sẹ́rú, ọ̀gá yìí kàn ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ ni. Nígbà tó fẹ́ kó wọn lọ Texas, níbi tófin ṣì ti fàyè gba ẹrú, lọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù. Òfin ìgbà yẹn ò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jẹ́rìí ta ko òyìnbó, Adájọ́ Benjamin Hayes bá pè é sí kọ̀rọ̀, ó gbọ́ tẹnu ẹ̀, ó dá òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ ní January 1856. Obìnrin tí ò mọ̀wé yìí wá ń gbẹ̀bí káàkiri Los Angeles, ó sì ra ilẹ̀ sí Spring Street ní $250 ní 1866.

Ẹlòmíì á ní kò yẹ ká kà á mọ́ wọn torí wọn ò bi í kó tó lọ. Èmi ò gbà jàre, ṣé ọ̀nà tóun rìn kúrú ju tiwọn lọ ni?

Tẹ́ ẹ bá máa kọ apá kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi Clara Brown kún un, ẹni tó dòmìnira lóko ẹrú tó wá ń se oúnjẹ fáwọn oníkẹ̀kẹ́ ní 1859 títí dé ibi tó di Colorado lónìí. Wọ́n ti ta ọmọbìnrin ẹ̀ kan kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ tipẹ́, ó ń wá a kiri, 1882 ló tó rí i.