Bíọ́dún, Ìwọ Lo Jàre

Kétu,
Ọjọ́ 18, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 2025

Bíọ́dún ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo fi fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ han ìyá mi, èyí tí yìnyín ti bo mọ́tò rẹ dé fèrèsé. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá àwọn ará Montréal kò ní ààtàn ni, tí wọn kò fi lè kó o dà síbẹ̀. Àwa náà ń jẹ ọyẹ́ tiwa níbí. Ètè gbogbo wa ti bẹ́, eruku ti bo ewé, omi ìwẹ̀ àárọ̀ dà bí ìyà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló mú mi kọ̀wé. Ẹjọ́ kan wà láàrin èmi àti ìwọ láti ọdún 2004, lórí àwo Ulver, ẹgbẹ́ olórin ará Nọ́wè yẹn, mo fẹ́ wá jẹ̀bi rẹ̀ lónìí.

O mọ̀ pé sonó, ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ni mo fi ń jẹun. Mo ti ní sípíkà mẹ́jọ báyìí, anpílì mẹ́ta, míkísà kan, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan tó ń mu epo bí ẹni tí wọ́n fi òùngbẹ bí. Òkú ni, ìkómọ ni, ìgbéyàwó ni, kò sí ibi tí n kì í gbé wọn lọ. Ní oṣù tó kọjá, túwítà méjì jó mọ́ mi lọ́wọ́ níbi òkú kan ní Ìlárá, àwọn kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde yẹn. Mo gbé sípíkà náà fún ẹni tó ń bá mi tún wọn ṣe. Nígbà tó kó wọn dé, mo fẹ́ dán wọn wò. Mo na ọwọ́ sínú páálí síídì àtijọ́, èyí tí mo kọ́kọ́ bà ni mo ki bọ ẹ̀rọ.

Bíọ́dún, ohun tó jáde! Ó dà bí ẹni tó ń fi ṣíbí họ ìdí ìkòkò irin, tí oyin sì há sínú akèǹgbè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo yí bọ́tìnì báàsì títí ó fi dé òpin, kò sí báàsì kankan níbẹ̀ tí mo lè gbé dìde. Inú bí mi. Mo pe ọmọkùnrin náà lórí fóònù, mo sọ̀rọ̀ sí i. Mo ní ó ti fi agolo sáàdínì ṣe túwítà fún mi. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orin mìíràn sí i." Mo fi orin ìjọ kan sí i, ohùn ń dún kedere bí agogo. Mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé irú orin wo ni ti àkọ́kọ́ yẹn.

Mo yọ síídì náà. Báírò búlúù rẹ ló wà lára rẹ̀: ÌKOOKÒ 3.

Ǹjẹ́ o ṣì rántí? Yàrá wa ní Calavi, síídì tí a lọ kọ ní síbà, ilé íntánẹ́ẹ̀tì, ní Kútọnu láti ara èyí tí tíṣà òyìnbó yẹn yá ọ. Ìwọ lo sọ ẹgbẹ́ olórin náà lórúkọ Ìkookò, torí pé ìkookò ni Ulver túmọ̀ sí ní èdè Nọ́wè. (Bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ kò gbà rárá. Ó ní ìkookò tòun, ẹran tó ń rẹ́rìn-ín lóru ni, kò bá ti òyìnbó tan, Bíbélì ló so wọ́n pọ̀.) Àwo mẹ́ta ní ọdún mẹ́ta: Bergtatt ní 1995, Kveldssanger ní 1996, Nattens madrigal ní 1997. Oslo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ẹni tó ń kọrin, Kristoffer Rygg tí wọ́n ń pè ní Garm nígbà náà, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n gbé èkíní jáde. Àwa kò jù ú lọ púpọ̀ nígbà tí a ń jà lé e lórí.

Ìjà náà gan-an ló di ẹjọ́. Mo ní ẹ̀kẹta ló ga jù. Ìwọ ní ẹ̀kejì ni. Mo ní ẹ̀kejì yẹn, àwọn tí oorun ti gbé lọ ló kọ ọ́, gìtá lásán, kò sí igbe, kò sí iná. O ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n ó gbà fún ọ. A fi ìgò ọtí sọ̀dábì kan ta tẹ́tẹ́ lé e, ẹni tó ń gbé yàrá kejì sì ṣe ẹlẹ́rìí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà ara mi. Ohun tó gbé mi lọ nínú Nattens madrigal nígbà yẹn, kì í ṣe orin nìkan, ìtàn tó so mọ́ ọn ni. Wọ́n ní inú igbó ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, pé wọ́n kó owó tí Century Media, ilé iṣẹ́ tó gbé àwo náà jáde, fún wọn, wọ́n fi ra kóòtù olówó gọbọi àti mọ́tò, wọ́n wá fi ẹ̀rọ játijàti ṣe orin náà. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn bí oúnjẹ! Irọ́ ni. Àwọn fúnra wọn ti sẹ́ ẹ, wọ́n ní stúdíò ni, àwọn kàn mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó ha bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì yẹ kí èmi ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí. Mo ti gbé sípíkà síbi tí igi pọ̀ rí, mo mọ ohun tí igbó ń ṣe fún ohùn. Igbó ń gbé e mì ni. O pariwo, kò dá ọ lóhùn. Ohùn tó ń ta mọ́ ara rẹ̀, tó ń gún etí bí abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, ara ògiri ló ti ń bọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tún un fi sí i. Mo dín ohùn rẹ̀ kù débi pé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò lè gbọ́. Nígbà náà ni mo wá gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn, torí pé gbogbo ìgbà ni a máa ń yí i dé òpin. Gìtá méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kálukú pẹ̀lú orin tirẹ̀, wọ́n ń pàdé, wọ́n ń yà. Orin dídùn ni wọ́n ń kọ! Bí o bá bó ariwo yẹn kúrò lára rẹ̀ bí èèpo iṣu, o lè kọ ọ́ fún ọmọ kó fi sùn. Nínú orin kìíní náà, ariwo dákẹ́ lójijì, gìtá tí kò lo iná ta díẹ̀, kí igbe tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ibi gìtá yẹn ni mo ti dìde jókòó. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ Kveldssanger ni. Mo lọ wò ó, òótọ́ sì ni: Håvard Jørgensen kan náà ló ta gìtá nínú àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí mo pè ní orin àwọn tó ti sùn, òun ló fara pa mọ́ sínú èyí tí mo pè ní orin akọni.

Mo wá ÌKOOKÒ 2 nínú páálí, n kò rí i. Ìtìjú ni mo fi ń sọ èyí: mo ti fún Táyé àbúrò mi láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó so ó kọ́ sínú ọgbà tòmátì rẹ̀ létí odò, kó máa kọ mànà kó fi lé ẹyẹ. Mo ní kò wúlò fún nǹkan mìíràn. Mo wá ra dátà, mo gba orin náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe nísinsìnyí, ṣùgbọ́n n kò tètè tẹ̀ ẹ́. Mo fi í pamọ́ sínú fóònù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún lọ ṣe òkú, àìsùn. Nǹkan bí aago mẹ́ta òru, àwọn onílù ti lọ jẹun, àwọn àlejò ti sùn lórí àga, ẹnu kálukú ṣí sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nídìí míkísà. Mo so fóònù mọ́ ọn, mo tẹ Kveldssanger, jẹ́jẹ́. Orin mẹ́tàlá ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gùn. Gìtá, ṣẹ́ẹ̀lò, àti ohùn ọkùnrin tí wọ́n tò lé ara wọn bí ẹgbẹ́ akọrin. Orin alẹ́ ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Sípíkà ńlá kì í parọ́, Bíọ́dún. Lórí ẹ̀rọ kékeré wa ní Calavi, omi lásán ni orin yẹn. Lórí èyí, mo ń gbọ́ ìka tó ń yọ̀ lórí okùn gìtá, mo ń gbọ́ bí olórin ṣe ń mí.

Ìyá àgbà kan tí mo rò pé wọ́n ti sùn gbé orí sókè. Wọ́n ní, "Àwọn wo ló ń kọrin yẹn?" Mo ní ará Nọ́wè ni, ìyá, ilẹ̀ òyìnbó tó tutù. Wọ́n ní, "Ta ló kú fún wọn?" Mo ní n kò mọ̀. Mo na ọwọ́ láti pa á, mo rò pé ó ń dí wọn lọ́wọ́ oorun. Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀." Wọ́n fi ìborùn bo ojú, wọn kò sọ nǹkan mìíràn títí orin fi tán.

Ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi. Mo gbọ́ pé Garm fúnra rẹ̀ kò fi àwo yẹn yangàn lẹ́yìn náà, ó ní ìgbìyànjú ọmọdé ni láti kọ orin bí ti àwọn àgbà. Kò burú. Ẹni tó bímọ lè má mọ ẹwà ọmọ rẹ̀.

Bergtatt ńkọ́? Ìyẹn kò lẹ́jọ́, àwa méjèèjì la fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé a kò ronú nípa rẹ̀ dáadáa nígbà yẹn. Àlọ́ kan ni wọ́n pín sí orí márùn-ún: ọmọbìnrin kan rìn lọ sí ẹ̀bá òkè nígbà tí oòrùn ń wọ̀, àwọn tí ń gbé inú òkè pè é, ó wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Orúkọ àwo náà ni pé òkè gbé e. Bíọ́dún, kí la ń pe ìyẹn níbí? Ṣé kì í ṣe ààjà ni? Ìyá mi ń sọ ti ẹni kan ní ìdílé wọn tí ààjà gbé fún ọdún méje. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹni tí ààjà bá gbé níbí máa ń padà, yóò mọ ewé, yóò mọ egbò, a ó máa gbé aláìsàn tọ̀ ọ́ lọ. Tiwọn wọ inú yàrá òkè, ìtàn sì parí síbẹ̀. Ibi tí a ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń lọ nínú igbó, tí dùùrù ń dún lẹ́yìn rẹ̀, n kì í lè fetí sí i mọ́ bí mo bá dá wà.

Èdè wọn náà tún wà níbẹ̀. Èdè àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, tí àwọn ọ̀dọ́ Nọ́wè fúnra wọn kì í sọ. Mo máa ń rò pé àṣejù ọmọdé ni, títí mo fi rántí òru Ẹ̀fẹ̀ nínú ọjà. Ìgbà mélòó ni Ẹ̀fẹ̀ kọrin tí àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, tí àwa ọmọdé ń wo ẹnu wọn? Ṣebí a kò tìtorí ìyẹn lọ sílé.

O rántí bí mo ṣe bínú nígbà tí a gbọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e, ti 1998 tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ William Blake, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, ṣe, àti Perdition City ti 2000, tí kọ̀ǹpútà ti gba ipò gìtá gbígbóná? Mo ní wọ́n ti dalẹ̀. N kò bínú mọ́. Láàrin ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, ọjọ́ wo ni wọ́n dúró sójú kan? Èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n dúró, torí pé èmi náà kò fẹ́ kúrò ní yàrá Calavi.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo lọ sí ọgbà Táyé. ÌKOOKÒ 2 ṣì wà níbẹ̀, ó ń rọ̀ lórí ẹ̀ka, oòrùn ti bó o, báírò rẹ ti parẹ́, ó ku Ì nìkan àti ẹsẹ̀ 2. Mo fẹ́ já a. Táyé di ọwọ́ mi mú, ó ní ẹyẹ ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀, kí n ra òmíràn fún òun kí n tó mú un. N kò tíì rà á, nítorí náà ó ṣì wà lórí igi.

Sọ̀dábì ni mo ti rà. Ògidì ni, láti Àjàṣẹ́, ó wà lábẹ́ ibùsùn ìyá mi níbi tí kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Bí o bá wá ní oṣù Ògún bí o ṣe sọ, n ó gbé sípíkà méjì lọ sí etí odò. Má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó rẹ mọ iye tí a ó mu.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Ṣẹ́gun