Ẹ̀yin tó ń jiyàn lórí ọta ìbọn ìléwọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Ìkòròdú níbí. Ní Sátidé tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ mi ní Sábó, àwọn ọmọkùnrin méjì ń pariwo: èwo ló dáa fún ààbò ara ẹni, ọta ìbọn ìléwọ́ 9mm àbí .45 tó fẹ̀ jù ú lọ? Ọ̀kan ní .45 ni ẹ̀gbọ́n òun ń gbé sídìí ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, Amẹ́ríkà.

Ọta .45 tóbi lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń gbá ọwọ́ sókè, kì í sì í pọ̀ nínú ìbọn. Méje ni ìbọn .45 àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 1911 ń gbà. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti lo .40 tó wà láàárín méjèèjì rí, ti padà sí 9mm. Orí ọta ló tiẹ̀ ṣe kókó. Èyí tó ní ihò lórí máa ń là bí òdòdó tó bá wọ ara, ó sì sábà máa ń dúró síbẹ̀. Èyí tí bàbà bò lórí lè gba ara olè kọjá, kó lọ bá ọmọ aládùúgbò.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ yìnbọn ní pápá ìdánrawò, òógùn bo àtẹ́lẹwọ́ mi. Nínú ọta mẹ́fà, ẹyọ kan ló ba bébà. Ẹnikẹ́ni ò sì lé mi o!

Òfin Texas gba àwọn ará ibẹ̀ láyè láti ní ìbọn ìléwọ́. Tiwa ní Nàìjíríà, ti ọdún 1959, fòfin de ìbọn ìléwọ́, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún níwèé àṣẹ. Bí mo ṣe sọ ọ́, onígbàjámọ̀ pa ẹ̀rọ: “Bàbá, ṣé kò síbi téèyàn ti lè rí i rà ni?”

Mo ní kó parí orí mi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tẹ òfin náà jáde ní Yorùbá.

Bàbá Ọlọ́pàá, Ìkòròdú