Ẹ Má Fi Orúkọ Ọkọ Wá Ìyá Ńlá Yín

Sí Olóòtú,

Ó ṣọ̀wọ́n kí a gba ìwé ètò ìsìnkú Yorùbá lọ́wọ́ ní Àbújá tàbí Kàdúná kí a má rí ìyá ńlá kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ akọni láyé ogun Ìjàyè. A ò bá ẹnikẹ́ni du akọni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ ìyá náà ni kì í gún. Orúkọ ìdílé ọkọ ni wọ́n ń tọ̀, bẹ́ẹ̀ obìnrin ayé ìgbà yẹn kì í jẹ́ orúkọ ọkọ, àfi àwọn díẹ̀ tó ti gba ìgbàgbọ́.

Oríkì orílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ti baba rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí: àwọn ọmọ á fi oríkì agbo ilé tí wọ́n bí wọn sí ki ìyá wọn, wọ́n á sì gbé e fún àwọn tí kò bí i. Àwọn ìyàwó ilé tó ti pẹ́ ni kí ẹ bi, àwọn ló ń ki èèyàn. Ẹ béèrè èèwọ̀ àti ilà ojú pẹ̀lú. Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àjọkẹ́ lásán kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ wo Àìná ará Òkè-Ọ̀dàn, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Sarah Forbes Bonetta. Ogun Dàhòmì kó o ní 1848. Ní 1850, Ọba Gezo fi í ta Frederick Forbes lọ́rẹ. Forbes jẹ́ orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, Bonetta jẹ́ orúkọ ọkọ̀ náà gan-an. Ó di Davies nígbà tó fẹ́ James Pinson Labulo Davies ní 1862. Ẹni tó bá tọ Forbes, ilé onílé ló ń lọ. Àìná pàápàá kò tó, torí amútọ̀runwá ni: ọmọbìnrin tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ló ń jẹ́ ẹ, kò sí agbo ilé tí kò ní. Láti ọ̀dọ̀ Victoria ọmọ rẹ̀ sísàlẹ̀, ọ̀nà là. Sókè, Òkè-Ọ̀dàn àti 1848 ló ṣeé dìmú.

Ti Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tún yàtọ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1860, wọ́n pa òun náà ní 1874. Ẹni tó bá ní òun jẹ́ ìran rẹ̀, kó wo ẹbí baba rẹ̀, tàbí ìwọ̀fà àti ẹrú tó dàgbà sínú ilé náà. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ẹ ka ìran, kí ẹ fi ọdún 25 sí 30 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni 70 ọdún lónìí, nǹkan bí 1900 ni wọ́n bí ìyá ìyá rẹ̀. Kó tó kan obìnrin tó ti ń ṣòwò ní 1860, ó ṣì ku ìran méjì, bóyá mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ “ìyá àgbà” ló ń gbé wọn mì. Bí àwọn àgbà kò bá mọ ọdún, ẹ fi ogun bi wọ́n: Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Kírìjì ní 1877.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé tó kàn. Àwọn ìwé ìjọba amúnisìn ilẹ̀ Àríwá tó wà ní National Archives Kàdúná, láti 1900 ni wọ́n ti pọ̀. Ará Òfà tàbí Ìgbómìnà, kó béèrè ILORPROF, àkójọ ìwé ẹkùn Ìlọrin. Ti agbègbè Lọ́kọ́ja ni LOKOPROF. Ẹ mú lẹ́tà ìfìmọ̀hàn, káàdì ìdánimọ̀ àti pẹ́ńsù dání. Olórí ilé tó jẹ́ ọkùnrin ni ìwé owó orí ń kọ, nítorí náà ọmọkùnrin rẹ̀ tàbí arákùnrin rẹ̀ ni kí ẹ wá níbẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ẹ̀gbá, kó má fi owó ọkọ̀ ṣòfò sí Kàdúná. Ìbàdàn ni ìwé CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà, ti ilẹ̀ Yorùbá wà. Èyí tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí London wà ní Yunifásítì Birmingham, ti Yorùbá lábẹ́ àmì àkójọ CA2, ti odò Ọya lábẹ́ CA3. Bí etí akọ̀wé ṣe gbọ́ orúkọ ló ṣe kọ ọ́: Ajayi Crowther di “Adjai”, Àfàlà ìyá rẹ̀ sì di Hannah nígbà tí wọ́n rì í bọmi ní Abẹ́òkúta ní 1848.

Olóòtú, kí ẹ tó tẹ ìrántí irú ìyá bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn tó mú un wá: ọmọ ta ni, ará ibo, ogun wo ló bá a láyé?

Àwa tó ń bá àwọn ẹbí tọ pinpin ìran wọn,
Kubwa, Àbújá.